Àkèré Onílẹ̀ àti Èyí Tó Ń Ké bí Màlúù

Ohun tó mú kí Ademar gbé okùn wá sí oko wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni pé ọmọ màlúù kan ń ké nínú adágún wa. Ohun tí a rò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Walkiria jẹ́, torí òun gan-an ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ṣaláìsí ni àwa obìnrin méjèèjì ti jọ ń gbé nínú ilé funfun kan ní apá àríwá Úrúgúwè, níbi tó jẹ́ pé téèyàn bá gun orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé, oko àwọn ará Bùràsíìlì ló máa wò níwájú. Ọdún mọ́kànlélógún ni Walkiria fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa kó tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ìrẹsì bá jóná, kì í bínú, ṣe ló máa bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ìkòkò, á ní, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibí yìí nìkan ló jóná?"

Oṣù kọkànlá ni. Ọmọ màlúù rẹ̀ kan, dúdú tó ní àmì funfun níwájú orí, ti sọnù láti ọjọ́ mẹ́ta. A jẹun tán, mo ti ń tòògbé lórí àga, ni ó fọwọ́ gbá mi léjìká.

"Orfilia, gbọ́. Ó ń ké."

"Kí ló ń ké, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọmọ màlúù mi. Inú adágún ló wà. Ẹrẹ̀ ti gbé e."

Mo tẹ́tí. Lóòótọ́, láti inú koríko etí omi ni ohùn kan ti ń jáde, ó nípọn, ó sì fà gùn: mùùù-ùn, mùùù-ùn. Èmi gan-an ni mo tẹ Ademar láago.

Ademar Píriz ni aládùúgbò wa, wáyà ọgbà kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín oko wa àti tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, kò níyàwó, ẹṣin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́. Ó dé lórí ẹṣin rẹ̀ àtijọ́ tó mọ ọ̀nà ilé wa jù ú lọ, ó so okùn mọ́ gàárì, ó bọ́ bàtà, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ títí ó fi dé ìbàdí. Walkiria dúró sí bèbè, ó ń pàṣẹ.

"Òsì! Òsì ni mo ní, Ademar! Àbí o ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún mọ́?"

"Wá bọ́ síbí kó o wá fi òsì náà hàn mí!"

Bó bá ti sún mọ́ ohùn náà, ohùn á dákẹ́. Bó bá ti yí padà, á tún ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ọ̀pá gún koríko. Lójijì, ohun kan tó tóbi tó àwo ìjẹun fò jáde láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó já sómi gbàmù, Ademar sì jókòó sínú ẹrẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi àga lọ̀.

Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú. "Walkiria," ó ní, "ọmọ màlúù rẹ ti bẹ́ sómi o."

Àkèré ni. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wá. Lọ́jọ́ kejì ni a rí ọmọ màlúù gidi náà. Pápá Ademar ló wà, láàárín àwọn màlúù tirẹ̀, tó jẹ́ pé pupa ni gbogbo wọn.

"Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń jẹko níwájú ẹ," ni Walkiria wí fún un. "Dúdú láàárín pupa! Ṣé o fẹ́ jí i ni?"

"Èmi kì í ka màlúù lójoojúmọ́, mi ò ṣiṣẹ́ ní báńkì," ni Ademar dá a lóhùn, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A gbà á bẹ́ẹ̀. Olórí kunkun ni, a ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n àkèré yẹn kò jẹ́ kí Walkiria sinmi. Nígbà tí àwa mẹ́ta jókòó lábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ nírọ̀lẹ́, tí igbá máte, ewé tí a ń fi omi gbígbóná rẹ mu, ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó tún gbé e dé.

"Irú àkèré wo nìyẹn?"

"Àkèré wa náà ni," ni Ademar wí. "Adágún rẹ ló dáa. Ó sanra."

"Láti kékeré ni mo ti ń dín àkèré. Mi ò rí èyí tó ń ké bí màlúù rí."

"Ìwọ náà ńkọ́? Nígbà tó o wà lọ́mọ ogún ọdún, ohùn rẹ ò nípọn tó báyìí."

Walkiria gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kàn án láti mu. Ìyà tó fi jẹ ẹ́ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ọ́ wa, bí nǹkan bá rú èèyàn lójú, rédíò là ń fi í ránṣẹ́ sí. Wọ́n máa ń ka ìkéde láàárọ̀: ẹni tó kú, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ sọnù, ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun wá pàdé òun níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń yà. Walkiria náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́: "Walkiria Fagúndez ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ àkèré tó ń ké bí màlúù." Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn èèyàn fi ń ké mùùù sí wa lójú ọ̀nà. Alápatà pàápàá bi mí bóyá mo fẹ́ ra ẹran àkèré tó lẹ́gungun.

Níkẹyìn, ọmọbìnrin kan tẹ̀ wá láago. Orúkọ rẹ̀ ni Noelí Bálsamo, ó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì, àwọn àkèré tó wà lágbègbè ẹnubodè wa ló sì ń kà. Ó ní àjèjì ni èyí tí a gbọ́ yẹn. Láti òkè lọ́hùn-ún, Amẹ́ríkà ti àríwá, ni wọ́n ti kó wọn wá kí wọ́n lè máa sìn wọ́n fún ẹran. Ọjà kò tà, àwọn tó ń sìn wọ́n sì fi ọgbà sílẹ̀, àkèré bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ohunkóhun tó bá ṣáà ti wọ ẹnu rẹ̀ ló máa ń jẹ, mà," ó ní. "Ó ń jẹ àwọn àkèré onílẹ̀ pẹ̀lú."

"Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀?"

"Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí awọ bá wà láàárín ìka ẹsẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, àjèjì ni. Àkèré onílẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ń bọ̀ kí Kérésì tó dé."

Walkiria sọ ọ́ fún Ademar bí ó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Inú Ademar dùn pé iṣẹ́ kan wà tí òun lè ṣe. "Àbí ìyẹn náà nìkan ni?" ó ní. "Má ṣèyọnu. Màá kó gbogbo wọn wá bá ọ nínú àpò."

Ní gbogbo ìgbà tí à ń dúró de Noelí, Walkiria di ará etí omi. Á dojú bolẹ̀ lórí bèbè láti ìgbà tí oòrùn bá ti ràn títí di ìgbà tí ebi bá pa á, á máa fi pẹ́ńsù ya ohun tó bá rí sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tí wọ́n fún wa níbi tí a ti ń ra oúnjẹ adìyẹ. Ó fi ajọ̀ ìyẹ̀fun mi mú èyí tó ń ké bí màlúù kan, ó tún mú àkèré onílẹ̀ kan, ó sì kó wọn sínú bààfù àtijọ́ tí màlúù fi ń mumi, ó fi pákó là wọ́n láàárín kí ọ̀kan má bàa jẹ èkejì.

"Orfilia, wá wò ó! Kí lo rí lẹ́yìn èyí?"

"Ẹ̀yìn ni mo rí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìlà ńkọ́?"

Nígbà náà ni mo tó rí i. Ìlà tó ga sókè ló wà lẹ́yìn àkèré onílẹ̀ láti orí dé ìdí, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé bí aporo oko. Ó kà wọ́n: mẹ́jọ. Ẹ̀yìn àjèjì ní tirẹ̀ kò ní ìlà kankan. Ohun tó ní ni awọ kan tó ká kò láti ìpẹ̀kun ojú, tó yí etí rẹ̀ róbótó po, bí ọwọ́ tí a fi ń di ife mú. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń jẹ àkèré, mi ò wo ẹ̀yìn wọn rí. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ ó tún dà bí pé wọ́n ká mi mọ́ ibì kan.

Noelí dé lórí alùpùpù ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú, kò sí ibi tí kò dé lójú rẹ̀. Kò tíì mu omi tán nígbà tí Ademar yọ lórí ẹṣin, tó gbé àpò kan sí iwájú gàárì. Ìwọ̀ tó so àkísà pupa mọ́ lẹ́nu ló fi mú wọn, bí a ṣe máa ń mú àkèré láti ayébáyé: wọ́n á rí ohun pupa tó ń jó, wọ́n á fò mọ́ ọn. Ó da àpò náà sórí tábìlì ìta. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n, gbogbo wọn ló ti kú.

"Ó parí," ni Ademar wí. Ó dúró gbọn-in bí ẹni tó ń retí ọpẹ́.

Walkiria bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Ó gbé ọ̀kan sọ́tùn-ún, ó gbé òmíràn sósì, ọwọ́ rẹ̀ sì ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Méje péré ni àjèjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àkèré onílẹ̀ ni. Mẹ́sàn-án tó kù kéré, wọ́n ní awọ láàárín ìka ẹsẹ̀, ó sì fẹ́ kó wọn mọ́ àwọn àjèjì.

"Ẹ dúró ná, mà," ni Noelí wí. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn kékeré náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó sì jókòó sórí àpótí. "Aléfòó nìwọ̀nyí. Àwọn tó máa ń léfòó sójú omi, tí ojú wọn wà ní òkè orí. Onílẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ àwọn náà ní awọ lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo sọ fún yín pé ká fi awọ dá wọn mọ̀. Mo sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni tó mọ gbogbo ẹ̀."

"O ò tíì dé adágún wa nígbà yẹn," ni Walkiria sọ fún un.

"Ìdí tó fi yẹ kí n pa ẹnu mọ́ nìyẹn."

Bóyá ká ní Walkiria dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ń dùn ún. Ó gbé ọ̀kan dìde, ó nà án sí Ademar.

"Ìwọ ńkọ́? Èyí kò ní awọ lẹ́sẹ̀ rárá! Wo ẹ̀yìn rẹ̀! Ìlà mẹ́jọ! Afọ́jú gan-an á rí i!"

Ademar gbà á. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó yí ara sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Mo rí wọn," ó ní. "Mo rí ìlà náà."

Ikùn àkèré ló kọjú sí i. Ikùn funfun báláú, tí kò ní ìlà kankan.

Walkiria la ẹnu, ó sì pa á dé. Èmi náà wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ màlúù dúdú tó wà láàárín màlúù pupa tó yé mi, àti ẹṣin tó ń mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Ademar gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ wa. Ó gbé àkèré sílẹ̀, ó dé fìlà, ó ní òun fi nǹkan sórí iná, ó sì gun ẹṣin rẹ̀ lọ. A sin àwọn àkèré náà sídìí igi ọsàn wẹ́wẹ́, yàtọ̀ sí díẹ̀ tí Noelí fi sínú ìgò fún ẹ̀kọ́.

Ademar kò wá mu máte mọ́. Kérésì kọjá, ọdún tuntun dé, kò yọjú. Walkiria á se àkàrà ìyẹ̀fun tí à ń dín tí òjò bá ń rọ̀, á gbé àwo kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, ilẹ̀ á sì ṣú kó tó wá gbé e fún ajá.

"Ẹ lọ bá a, Ẹ̀gbọ́n," ni mo sọ.

"Kí n sọ kí ni fún un? Pé mo rí ohun tó ń fi pamọ́? Ìyẹn burú ju pé mo pè é lólè lọ."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ni ajá gbó. Ademar ni, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó ń fa ẹṣin lẹ́yìn, apá aṣọ rẹ̀ kan rin gbingbin. Kò kí wa.

"Ó lù mí," ó ní.

"Ta ló lù ẹ́?"

"Àkèré!"

Ó jókòó, mo bu omi gbígbóná sí máte, ó sì sọ ọ́ fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí adágún tirẹ̀ láti fi korobá pọnmi. Ọwọ́ rẹ̀ kan omi tó kún fún nǹkan wẹ́wẹ́ tó rọ̀, tó ń yí gìdìgìdì bí ẹ̀wà tó ń hó. Àwọn ọmọ àkèré ni, àwọn tí kò tíì ju ìrù nù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló ń rìn pọ̀. Kó tó mọ̀ pé òun fọwọ́ kàn wọ́n, nǹkan kan ti fi orí gbá ọwọ́ rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ, ó rò pé ejò ni. Ó dúró. Ó tún fọwọ́ bọ omi.

"Kí lo tún ń fọwọ́ bọ̀ ọ́ fún?" ni mo bi í.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á tún ṣe é! Ó sì tún ṣe é, Orfilia! Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Ìyá wọn ni. Mo bá mú un jẹ́jẹ́. Mo fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn rẹ̀." Ó na àtàǹpàkò náà jáde bí ẹni pé àkèré ṣì wà níbẹ̀. "Ìlà mẹ́jọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá a padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, kò sá, ó tún gbá mi."

Ó gbé igbá máte sílẹ̀.

"Walkiria, mi ò ríran mọ́. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ó dà bí pé èèfín wà níwájú mi nígbà gbogbo."

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o wo ikùn, tó o pè é ní ẹ̀yìn."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ademar, ó rín in títí ikọ́ fi gbé e. "O ò sì sọ!"

"Ìwọ náà ò sọ."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ó ní, ẹ̀rín ti tán. "Ṣé ìyá wà nínú wọn?"

A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni Walkiria tẹ Noelí láago láti bi í bóyá àjèjì náà máa ń ṣọ́ ọmọ. Noelí ní rárá o. Ṣe ló máa tẹ́ ẹyin rẹ̀ sójú omi pẹrẹsẹ, bí epo tó dà sílẹ̀, á sì lọ. Onílẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ po ìfófòó funfun, tó ń kó ẹyin sí i láàárín, tí ìyá á sì máa bá àwọn ọmọ rìn kiri. "Ta ló wá kọ́ ọ?" ni Walkiria ń bi ara rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó ṣe ń bó ànàmọ́. "Ta ló kọ́ ọ pé ọmọ ni wọ́n?"

Nígbà tí Noelí padà wá, ó kó irú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá láàyè, ó sì dà wọ́n sínú bààfù. Ademar jókòó tì í. Ó fa fìlà bo ojú kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ń yọjú wò, ó sì ki ọwọ́ bọ omi.

"Èyí ní aporo. Tiwa ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Don Ademar."

"Èyí tẹ́jú lẹ́yìn. Ó ní awọ lẹ́sẹ̀. Dúró... bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan ká kò létí rẹ̀. Àjèjì, ọmọdé sì ni."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Èyí ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ gbà mí, ó ń lọ! Ojú rẹ̀ wà lókè téńté. Ó tún..." Ó na etí bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ gbọ́ràn. "Ó di ìka mi mú. Ó ń fi àtàǹpàkò di ìka mi mú bí ọmọ tuntun."

Noelí sún mọ́ ọn. "Lóòótọ́ ni, àtàǹpàkò wọn máa ń kọjú sí ìka yòókù. Mo ti kà á nínú ìwé. Mi ò fi ọwọ́ ara mi dán an wò rí, sà." Ó ki ìka tirẹ̀ náà bọ omi.

Oṣù kejì mú ọ̀gbẹlẹ̀ wá. Adágún wa fà títí ó fi kù bí àbàtà, Noelí sì ní àkókò tó: bí a bá fa omi tó kù gbẹ, a ó lè ṣà wọ́n tán. A fi àwọ̀n yí gbogbo etí rẹ̀ ká. Àwọn aládùúgbò gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wá, àwọn kan náà tó ń ké mùùù sí wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ fi máa lù, ọkùnrin mẹ́fà ti wà nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fi agbọ̀n kó àkèré jáde.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí bìrí. Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo àkèré. Onílẹ̀, àjèjì, aléfòó, gbogbo wọn dúdú mìnìjọ̀ bákan náà, a kò rí ìlà, a kò rí etí. Bí a bá sì ní ká máa fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, omi tí a ní kò tó. Noelí gbé ọ̀kan, ó nu ún, ó tún nu ún, ó wò mí.

Ademar ni ó ní, "Ẹ gbé àga fún mi."

A gbé e sáàárín bààfù mẹ́ta, lórí àpótí tí a fi ń fún wàrà. Wọ́n ń gbé àkèré lé e lọ́wọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ á sáré kọjá ní ẹ̀yìn, ìka á wo ẹsẹ̀, á wo etí, á sì jù ú síbi tó yẹ. Kì í lò ju bí ẹni mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Noelí jókòó tì í, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì máa ń fọ ọ̀kan nínú ogún láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ademar ṣì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, inú sì bí i lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fẹ́ dán an wò. Ó yọ́ mú onílẹ̀ kan nínú bààfù, ó pa ẹrẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì tún gbé e fún un.

"Èyí ti kọjá lọ́wọ́ mi," ni Ademar wí láìgbé ojú sókè. "Ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kan gé. Lọ sínú ẹrẹ̀, ọ̀lẹ, kó o lọ mú èyí tí mi ò tíì mọ̀ wá."

Gbogbo bèbè hó yèè.

Àjèjì jẹ́ igba ó lé méjìlá. Onílẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, aléfòó mọ́kànlá péré. Noelí fi yìnyín pa àwọn àjèjì kí ó má bàa dùn wọ́n, ó mú èyí tó nílò, àwa aládùúgbò sì pín ìyókù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi jẹ ẹsẹ̀ àkèré tí a yí ní ìyẹ̀fun, tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé. Mi ò ní parọ́, ó dùn. Àwọn onílẹ̀ àti aléfòó wà nínú bààfù lábẹ́ ìbòòji títí òjò fi rọ̀ lóṣù kẹrin tí adágún tún kún.

Walkiria kò jẹ́ kí Ademar sinmi lórí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀. Ó ní bó bá lè jẹ́wọ́ níwájú àkèré, ó yẹ kó lè jẹ́wọ́ níwájú dókítà. Ní oṣù keje, nígbà òtútù, òun fúnra rẹ̀ bá a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Montevideo, olú ìlú wa, wọ́n sì yọ awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀, ọ̀kan lọ́sẹ̀ náà, èkejì lẹ́yìn oṣù kan. Nígbà tí wọ́n tú ojú kejì sílẹ̀, ó wo Walkiria dáadáa.

"O ti darúgbó," ó ní.

"Dígí wà nílé mi," ni Walkiria dá a lóhùn. "Màá fi hàn ọ́."

Oṣù kẹwàá ni òjò ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbà òtútù rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Walkiria ké sí wa láti etí omi: ìfófòó funfun kan ń léfòó láàárín koríko, ó tóbi tó búrẹ́dì, àkèré kan sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sí ìdí ilé rẹ̀. Ademar kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Ó pẹ́ gan-an tó fi ń wò ó, mo tiẹ̀ rò pé ẹsẹ̀ ti kú mọ́ ọn lábẹ́.

"Wúrà wà lójú rẹ̀," ó ní.

"Kí lo wí?"

"Nínú ẹyinjú. Wúrà ni, dúdú kan sì là á kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nínú gbogbo yín. Ẹ̀ ń pariwo ìlà, ìlà, ìlà." Ó yí ojú sí wa. "Ti àjèjì ńkọ́? Báwo ni ojú tiẹ̀ ṣe rí?"

Walkiria wò mí, èmi náà wò ó. Igba ó lé méjìlá ló ti gba iwájú wa kọjá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a ti jẹ ẹsẹ̀ wọn, a ti ya ẹ̀yìn wọn, a ti ya etí wọn. Walkiria lọ mú kàlẹ́ńdà rẹ̀ wá, ó ṣí i títí dé ewé ìkẹyìn. Òdo lásán ló fi ṣe ojú gbogbo wọn.

"Mi ò wò ó," ó ní. Ojú tì í gan-an.

Lẹ́yìn òkè, ní adágún ọkùnrin kan tí kò tíì gbà ká fọwọ́ kan omi òun, ọ̀kan ń ké mùùù-ùn lójú ọ̀sán gangan. Ademar dìde, ó nu orúnkún rẹ̀, ó sì mú fìlà.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó nígbà náà," ó ní.

Mo wọ bàtà mi.